Ẹ Gba 500 Yín, Kí Ẹ Jẹ́ Ká Jiyàn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ọ̀gá Oníkúróṣẹ̀ ní Pénéssoulou

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní kúróṣẹ̀ ní Pénéssoulou, ní Bassila àti ní Manigri,

  Ọmọ yín ni mo jẹ́, ọmọ Nàgó láti Manigri tí ọkọ gbé wá sí Pénéssoulou. Abẹ́rẹ́ oníkọ́ ni mo fi ń wá oúnjẹ níhìn-ín láti ìgbà tí àkọ́bí mi ti wà lẹ́yìn mi, àkọ́bí náà sì ti ga jù mí lọ báyìí.

N kò ní yí ọ̀rọ̀ po. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú yín dìde dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé iṣẹ́ wọn. N kò ní dárúkọ wọn, àgbà ni wọ́n, mo sì ti jẹun nílé wọn. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ iṣẹ́ tó bá tún jiyàn lórí iṣẹ́, 500 sífà ni yóò san. Wọ́n ní ariwo ti pọ̀ jù, pé àwọn oníbàárà tó ń kọjá lójú títì Djougou ń rò pé ìjà ń ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ pé ọ̀gá méjì mìíràn ti fẹ́ gbé òfin yìí lọ sílé iṣẹ́ tiwọn. Ìyẹn ni n kò fi wọlé tọ ẹnì kan ṣoṣo, tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba. Òfin tí wọ́n ṣe ní gbangba, gbangba náà ló yẹ ká ti bẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀. Iyàn ọjọ́ náà tó bí òfin yìí, èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin kan ní Ìbàdàn ló da àwòṣe fìlà ọmọ tuntun kọ fún mi láti inú ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Gẹ̀ẹ́sì ni. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, “double crochet” ló kún inú rẹ̀. Èmi, Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́: maille en l'air, maille serrée, bride, ó tán. Mo bá lọ bá àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo bi èyí tó máa ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà lórí fóònù pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Tántí, bride ni.” Ó dá a lójú. Mo gbà á gbọ́, mo lọ sílé, mo fi bride hun fìlà náà láti alẹ́ dé ìdájí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dé e fún ọmọ aládùúgbò mi, ọmọ oṣù méjì. Fìlà bo iwájú orí, ó bo ojú, ó bo imú. Àgbọ̀n nìkan ló kù síta. Ìyá ọmọ wò mí títí, ó ní, “Ṣé fìlà lẹ hun ni àbí àpò gàrí?”

Mo mú fìlà náà padà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin mọ bí ó ṣe rí, ṣùgbọ́n lẹ́tà ṣíṣí ni èyí, ẹni tí kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí náà lè kà á. Nínú maille serrée, a ó ti abẹ́rẹ́ bọ inú iṣẹ́, a ó fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ òwú, a ó fà á jáde, ojú òwú yóò di méjì lórí abẹ́rẹ́. A ó tún kọ́ òwú lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó fà á gba inú méjèèjì kọjá. Ojú kúkúrú ni, ó le, ó ki. Nínú bride, kí abẹ́rẹ́ tó wọnú iṣẹ́ rárá, a ó ti kọ́ òwú sí i lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá wá fa òwú jáde, ojú mẹ́ta ló jókòó lórí abẹ́rẹ́. A ó fa òwú gba méjì kọjá, a ó tún fà á gba méjì tó kù kọjá. Ojú yìí ga, ó sì ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tó bẹ́ fìlà mi lórí: àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe bride wa ní double crochet, àwọn ará Ìlú Ọba sì ń pe maille serrée wa ní double crochet. Orúkọ kan náà, èdè kan náà, ojú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bride tiwa, treble ló ń jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà kò purọ́, ìwé náà kò purọ́, orí ọmọ aládùúgbò mi ló jìyà.

Ilé pín sí mẹ́ta lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ oní-fóònù ló jẹ̀bi. Àwọn kan ní ìwé ló jẹ̀bi. Àwọn tó kù ní èmi ni, pé àgbà tó mọṣẹ́ kì í hun fìlà dé ìparí kó tó wọn orí. (Wọ́n jàre, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ náà.) Ẹ mọ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ṣe rí: Kotokoli ń bọ̀ lápá kan, Anii lápá kejì, Nàgó tiwa láàárín, Fúlàní kan ń rẹ́rìn-ín nígun, Faransé sì ń dí gbogbo àlàfo. Ọmọ Kotokoli kan, tí ìyá rẹ̀ wá láti apá Sokodé, ló sọ ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní kí ló dé tí a fi ń fi orúkọ àwọn tí kò gbọ́ ara wọn yé ṣiṣẹ́, ṣé ẹnu tiwa kò tó sọ ojú òwú lórúkọ ni?

Inú mi dùn. Mo ní ó tó, ó tó gan-an. Mo ní láti òní lọ, kí maille serrée máa jẹ́ olójú-méjì, torí ojú méjì ló ń wà lórí abẹ́rẹ́. Kí bride máa jẹ́ olójú-mẹ́ta. Kì bá à jẹ́ ará Lọ́ńdọ̀nù ló mú àwòṣe wá, kì bá à jẹ́ ará Amẹ́ríkà, a ó kàn bi í pé ojú mélòó ló wà lórí abẹ́rẹ́ rẹ, ẹjọ́ tán. Mo gbé orí sókè bí ẹni tó jẹ oyè.

Ọmọ kékeré kan tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin nídìí iṣẹ́ wá gbẹ́nu sókè láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Tántí, demi-bride ńkọ́?”

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ti mọ ibi tí ó gún mi sí. Ojú mẹ́ta náà ló wà lórí abẹ́rẹ́ nínú demi-bride. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan náà la ń fa òwú gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Nítorí náà olójú-mẹ́ta di méjì, orúkọ mi di ìdàrúdàpọ̀ àwọn Òyìnbó tí mo ń sá fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ hó. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí ẹni tó ń ta epo pẹtiróòlù inú ìgò lódìkejì títì fi wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni ọ̀gá gbọ́ nínú yàrá tí wọ́n fi jáde. Òfin 500 dé.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ẹ̀rín náà dáadáa. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin nídìí iṣẹ́ ka ojú òwú lórí abẹ́rẹ́, ó fi ojú kan wé ojú kejì, ó rí ihò nínú ọ̀rọ̀ àgbà, ó sì bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ lè fi rúlà kọ́ ọmọ náà ní demi-bride fún ọ̀sẹ̀ méjì kó má mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà ni kò ní gbàgbé ìyàtọ̀ demi-bride àti bride mọ́ láéláé, torí wọ́n rí i níbi tí ó ti gbé Tántí wọn ṣubú.

Ẹ wo àwọn bàbá wa nídìí ayò. Ọ̀ta á máa jẹ ọ̀pẹ lọ, á máa bú u, á máa bi í bóyá ọmọ ayò ló ń kà ni àbí ẹ̀wà tó fẹ́ sè. Àwọn òǹwòran á dá sí i, wọn á tún dá sí i. Ilẹ̀ á ṣú, wọn á jọ gbé agbádá kọ́ èjìká, wọn á jọ lọ kírun. N kò tíì gbọ́ ibi tí olórí ìlú ti ní kí ọ̀ta san owó nítorí pé ó pariwo. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Àwọn ọkùnrin mọ èyí lábẹ́ igi ayò, ó wá dé orí obìnrin nídìí òwú, ó di ẹ̀ṣẹ̀.

N kò sọ pé kò sí iyàn tó ń ba ilé jẹ́ o. Ó wà. Mo ti gbọ́ ọmọ kan tó sọ fún ẹnìkejì pé òwú olówó pọ́ọ́kú lẹ fi ń hun nílé yín. Ìyẹn kì í ṣe iyàn lórí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìdílé ni, ẹ lé irú rẹ̀ síta kó lọ pọn omi. Bí oníbàárà bá sì dúró tí ó ń retí ẹrù rẹ̀, kí gbogbo ẹnu pa mọ́, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òfin yín kò ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹn. Gbogbo ẹnu ló dí.

Bí òfin yìí bá ti wà nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́, ó ní ohun tí ǹ bá má mọ̀ dòní. Ọmọ kan jókòó tì mí nígbà náà, ọlọ́wọ́ òsì. Ọ̀gá wa, kì í ṣe ará Pénéssoulou, Ọlọ́run ti dárí jì wọ́n, a máa gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, a sì fi sí ọ̀tún. A mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì kí àgbà, a kì í fi gba owó. Ṣé abẹ́rẹ́ ń kí ẹnikẹ́ni ni? Àwa ọmọ iṣẹ́ jiyàn lé e lórí fún ọjọ́ púpọ̀ nígbà tí ọ̀gá bá lọ sọ́jà. Ìgbà tí iyàn pọ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní kí a dákẹ́ ká wo òun. Ó gbé àpótí rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé e sí iwájú mi, ó jókòó kọjú sí mi bí ẹni tó ń wo dígí, ó sì ń fi òsì ṣe gbogbo ohun tí mo ń fi ọ̀tún ṣe. Kò ju ọ̀sán kan lọ tí ó fi bá wa dọ́gba. Iṣẹ́ tirẹ̀ ń yí lọ sí ọwọ́ kejì ni, bí a bá sì hun orúkọ sára aṣọ, tirẹ̀ a máa jáde sódì, ó ní láti da àwòrán náà kọ sódì kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ́ tèmi àti èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Àpótí ni kí a gbé, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ ni kí a yí. Iyàn ló mú wa débẹ̀.

Òwú náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí òwú, torí ibẹ̀ ni iyàn tó dùn jù lọ nínú ilé wa wà. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní laine lọ́jà, kò sí irun àgùntàn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Akirílíìkì ni, láti ara epo rọ̀bì ló ti wá, ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ sọ́jà ní 1950. Ẹnì kan lára àwọn ọmọ iṣẹ́ kò gbà. Ó ní òwú rírọ̀ báyìí kò lè jẹ́ ìbátan kẹrosíìnì. A mú ìṣáná. Mo já òwú kan tín-ínrín láti ara okùn òwú gidi, mo fi iná sí i: ó jó bí ìwé, ó rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fẹ́ ẹ, ó fò lọ. Mo já tìkejì láti ara laine wa. Kò dúró kí iná dé ara rẹ̀ tó fi sá sẹ́yìn. Ó yọ́, ó ká jọ, ó kán dúdú, ó rùn burúkú, nígbà tí ó tutù ó di kókó líle bí ọ̀kúta inú ìrẹsì. Ọmọ náà gbé e sáàárín ìka, ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Héè!” Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún fi laine hun ohun tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò gbígbóná kúrò lórí iná nínú ilé wa. Òun ló ń sọ fún àwọn mìíràn.

Apá kejì iyàn òwú náà ló tún ká mi lára. Obìnrin kan ní kí ló dé tí a fi ń ra òwú tó ti òkè òkun wá, nígbà tí Bénìn wà lára àwọn tó ń kó òwú jù ní Áfíríkà, tí ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún òwú funfun sì ń gba iwájú ilé wa kọjá lásìkò ìkórè? Ẹlòmíràn ní àwọn ilé iṣẹ́ ní Glo-Djigbé ti ń ran òwú wa di aṣọ báyìí, ká ní sùúrù. Ẹlòmíràn ní òun kò lè ní sùúrù, òwú gidi wọ́n, ó wúwo lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ kò sì tó ti laine, àwọn oníbàárà fẹ́ àwọ̀ tó ń pariwo. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. A kò rí ìparí rẹ̀ títí dòní, n kò sì fẹ́ ká rí i kíákíá. Èmi, fún fìlà ọmọ àti fìlà ìrun, òwú gidi ni mo ń lò. Fún àpò àti ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ pupa fòò, laine ni.

Bàbá kan tó ń hun aṣọ òfì, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn awunṣọ Bafilo ní Tógò, sọ fún wa lọ́jọ́ Jímọ̀ kan pé ẹ yéé da ara yín láàmú, eré Òyìnbó ni kúróṣẹ̀, tiwa ni òfì. Mo dá wọn lóhùn, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Òyìnbó lóòótọ́, ìkọ́ kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Faransé. Àwọn àwòṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé wọ́n tẹ̀ jáde wà nínú ìwé ìròyìn àwọn ará Holland kan tó ń jẹ́ Pénélopé, ní àwọn ọdún 1820. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ààfin ló sọ ọ́ di iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀dùnkún àwọn ará Ireland jẹrà nínú ilẹ̀ láti 1845, tí ebi ń pa wọ́n kú, àwọn sísítà kọ́ àwọn obìnrin ní ṣíṣe léèsì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oníkọ́, àwọn ilé kan sì rí owó oúnjẹ nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọbabìnrin Victoria àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wá ń wọ̀ ọ́. Ní 1876, Augustin Planque dá ẹgbẹ́ àwọn sísítà Notre-Dame des Apôtres sílẹ̀ ní Lyon, àwọn náà wá sí etí òkun wa, wọ́n kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́. Ẹ wá wò ó lónìí: fìlà funfun tí Bàbá gan-an dé lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, tó mọ́ fíntín lórí wọn, èmi ni mo hun ún. Ohun tó ti ọwọ́ ebi Ireland àti ọwọ́ sísítà kọjá, tó wá dé orí Bàbá, ṣé ti ta ni ká pè é? Bàbá wo fìlà wọn, wọ́n tún un dé, wọ́n ní ká máa bá iṣẹ́ wa lọ.

Ìyàn ló bí kúróṣẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Ẹ jẹ́ kí iyàn bí tiwa.

Ọ̀kan tún kù tí mo fẹ́ kí ẹ rántí, torí ó kan ohun tí à ń pè ní àṣìṣe. Gbogbo wa la mọ ìdí fìlà: bride méjìlá ní ìyípo àkọ́kọ́, mẹ́rìnlélógún ní èkejì, mẹ́rìndínlógójì ní ẹ̀kẹta, méjìlá méjìlá là ń fi kún un. Bí ó bá dín, yóò tẹ̀ bí igbá. Bí ó bá lé, etí rẹ̀ yóò máa jó, yóò ká wérewère bí ewé sàláàdì. Ọmọ kan ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń fi ojú kún ojú láìka, a rẹ́rìn-ín rẹ̀, ó tú u. Ní 1997, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, Daina Taimina, ọmọ ilẹ̀ Latvia, mú abẹ́rẹ́ oníkọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe yìí gan-an. Ó ń fi ojú kún un ní ìwọ̀n kan náà láìdáwọ́ dúró, etí rẹ̀ ń jó, ó ń jó. Ohun tó fi hàn ni oríṣi ojú ilẹ̀ kan tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, tó jẹ́ pé ìwé ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀ láti fi ṣàpẹẹrẹ rẹ̀, tí ìwé náà sì ń tètè ya. Òwú kò ya. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n ká a, kí wọ́n fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo sọ èyí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ tí a ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ ní, “Ẹ wá dá òwú mi padà.”

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iye owó iṣẹ́ wa, òun nìkan tó lẹ́tà kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń hun kúróṣẹ̀ gidi kò tíì sí lọ́jà, ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é, títí kan àwọn aṣọ olówó pọ́ọ́kú tó ń ti òkè òkun wá. Bí èrò inú ọkọ̀ bá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, tó ní òun yóò san owó òwú nìkan, kí àwọn ọmọ yín ti jiyàn mọ ohun tí wọn yóò dá a lóhùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ fagi lé 500 náà. Ẹ fún wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìrun, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀, tí iṣẹ́ oníbàárà kò sí nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni mú ìbéèrè kan wá, ọmọ ọjọ́ kan nídìí iṣẹ́ àti ọ̀gá ọlọ́gbọ̀n ọdún bákan náà. Kí ilé iṣẹ́ Bassila ran ẹnì kan wá, kí ti Manigri ran ẹnì kan. Kí a mú aṣọ gígùn kan, kí a hun oríṣi ojú kọ̀ọ̀kan sí i, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Nàgó, ní Anii, ní Kotokoli àti ní Faransé, kí àwọn tó bá gba àwòṣe láti Ìbàdàn tàbí láti Kambolé mọ ohun tí wọ́n ń hun kí wọ́n tó dé e lórí ọmọ ọlọ́mọ. Àti ìyá wa tó ṣòfin, kí wọ́n jókòó láàárín wa. Iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn ló dára jù nínú wa, mo mọ̀ pé wọ́n ní iyàn nínú tí wọn kò tíì jà.

Mo mọ̀ pé òfin kò tíì yí, nítorí náà mo ti fi 500 sífà sínú àpò ìwé tí ọmọ mi mú dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó mi nìyẹn, mo ti san án ṣáájú, ó wá kù kí n jiyàn tí mo san owó rẹ̀. Mo ronú lórí ìbéèrè demi-bride tí ọmọ kékeré yẹn bi mí fún ọjọ́ mẹ́jọ. Olójú-méjì, olójú-mẹ́ta, mo ju gbogbo rẹ̀ nù. Kì í ṣe ojú tó wà lórí abẹ́rẹ́ ló yẹ ká kà, iye ìgbà tí abẹ́rẹ́ kọ́ òwú ni. Ẹ mú abẹ́rẹ́ yín, ẹ kà á pẹ̀lú mi. Maille serrée, ẹ̀ẹ̀mejì. Demi-bride, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bride, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Double bride, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìkọ́-méjì, ìkọ́-mẹ́ta, ìkọ́-mẹ́rin, ìkọ́-mẹ́fà. Ẹ má bi mí ibi tí márùn-ún gbà lọ. Maille en l'air, ìkọ́-kan. Maille coulée, òun náà ìkọ́-kan, mo mọ̀, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti lu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sọ fún ọmọ kékeré yẹn.

Ọmọ yín láti Manigri,
ní Pénéssoulou